Ta Ló Pàlọ́ Òkè fún Àyọ̀ká?

Bí ohun kan bá wà tí Ọlọ́run fi ta Àyọ̀ká Oyèníyì lọ́rẹ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìríra ni. Ẹni tí nǹkan tètè máa ń rí lára báyìí, ẹ kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹja tí eṣinṣin bà lé, ó rí i lára. Àgbàlagbà tó ń fi ìka họ eyín lójú agbo, ó rí i lára. Kí wọ́n máa yin ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ pé olè paraku ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì torí pé ó ra àga fún ìjọ, ìyẹn tiẹ̀ máa ń mú kí èébì gbé e. Àwọn ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé lẹ́bàá Paparanda ní Lọ́kọ́ja máa ń sọ pé ọmọbìnrin náà kò ní tètè rí ọkọ fẹ́, nítorí ọkùnrin wo ni kì í hanrun? Àyọ̀ká á gbọ́, á yínmú, á bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó rí i lára láyé yìí tó Ìjàpá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Láti kékeré tí wọ́n ti ń pàlọ́ fún un ni inú ti ń bí i sí ẹranko náà. Á jí oúnjẹ àna rẹ̀ jẹ, á ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀, á purọ́ mọ́ ẹni tó ṣe é lóore, wọ́n á sì tún ní kí ọmọdé pàtẹ́wọ́ kó máa gbè é lórin. Ọ̀bùn ẹranko, wọ̀bìà ẹranko, òun náà ni wọ́n tún ń kọrin fún! Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó dé ọdún tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní 1988, tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ àṣekágbá, Àyọ̀ká ní àlọ́ lòun máa kọ. Àlọ́ tuntun ni o, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pa rí, ewì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, tí Ìjàpá kò ní fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan inú rẹ̀.

Òkè Pàtí, òkè ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú wọn, ló fún un ní àlọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìnkùlé wọn ló jókòó sí lọ́jọ́ kan, ó ti tò síbi ẹ̀rọ omi láti òwúrọ̀ láìrí omi pọn. Ìlú tí odò ńláńlá méjì ti pàdé, tí ẹ̀rọ omi ń gbẹ lójoojúmọ́! Ọ̀rọ̀ náà ń rí i lára bó ṣe jókòó yẹn, ó bá gbójú sókè, ó rí òkè náà tó dúró gbagidi, tó ń wo odò méjèèjì nísàlẹ̀, odò kan pupa, èkejì dúdú. Ó ní, "Ìwọ náà kò rí mu, àbí?" Ibẹ̀ ni àlọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òkè kan wà tí òùngbẹ ń gbẹ. Omi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì lè mu ún, torí pé kò ní orúnkún tó lè ká.

Omi rèé, ẹnu rèé,
Àárín wọn ló jìn.
Òkè, bẹ̀rẹ̀ kí o mu,
Orúnkún mi ò ká.
Òkè, kúnlẹ̀ kí o mu,
Orúnkún mi ò ká.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò simi mọ́. Tó bá ń fọṣọ, ewì ni. Tó bá ń ṣa ẹ̀wà, ewì ni. Ó ti pinnu pé tí òun bá parí ti òkè, òun á ṣe ti ọkọ̀ ojú omi tó bẹ̀rù omi, òun á ṣe ti ọmọbìnrin tó fẹ́ ọyẹ́ lọ́kọ, títí tí yóò fi di odidi ìwé, tí orúkọ òun á wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé nìyẹn. Kò wá ọkọ, kò wá mọ́tò. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n sọ pé Àyọ̀ká ló dá àlọ́ wọ̀nyí sílẹ̀.

Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Màmá Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pè é, ọmọ ilẹ̀ Òwòrò láti orí òkè Àgbájà. Ẹja gbígbẹ ló ń tà ní Old Market, owó ẹja náà ló sì fi ń rán Àyọ̀ká nílé-ẹ̀kọ́. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Ọmọ tí eṣinṣin orí ẹja ń rí lára, orí ẹja kan náà ni ó ti ń jẹun. Kò jẹ́ sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n tí màmá bá ti ọjà dé, á ti sún àga tirẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Màmá náà mọ̀. Á lọ wẹ̀ kó tó wá jókòó.

Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, màmá á tẹ́ ẹní síta, á ní, "Ọmọ mi, òkè ńkọ́?" Àyọ̀ká á ka èyí tó bá kọ lọ́jọ́ náà, màmá á sì máa gbè é pé, "Orúnkún mi ò ká," pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ti há. Ó mọ ìbẹ̀rẹ̀, ó mọ orin, ó mọ bí odò dúdú ṣe rán ẹja sí òkè, ó mọ bí odò pupa ṣe rán ẹyẹ. Ìparí nìkan ni Àyọ̀ká kò kà fún un.

"Ṣé òkè yẹn mu omi náà nígbẹ̀yìn, àbí kò mu ún?"

"Ẹ fara balẹ̀, màmá. Iwájú àwọn olùkọ́ wa ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ ọ."

"Bí mo bá kú ńkọ́?"

"Ẹ kò ní kú, ẹ ṣì fẹ́ gbọ́ ìparí ẹ̀."

Màmá á rẹ́rìn-ín títí ìdí á fi máa dùn ún lórí ẹní.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ Àyọ̀ká ni Ọ̀gbẹ́ni Alfred Bámiṣayé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ọkùnrin náà kò ní ìmọ́tótó. Àkàrà ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí Àyọ̀ká gbé ewì náà wá, ọwọ́ àkàrà náà ló sì fi ń ṣí i. Àyọ̀ká dúró, ó ń wo bí epo ṣe ń tàn lórí ìlà tó fi odindi ọ̀sẹ̀ wá. Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé jẹun tán, ó lá ìka, ó ní, "Kò burú. Ta ló pa á fún ọ?"

"Èmi ni mo dá a, sà."

"Mo ní ta ló pa á fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó pa á fún mi, sà. Orí ara mi ni mo ti gbé e jáde."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó rí ejò nínú ẹ̀wù. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbígbọ́ là ń gbọ́ àlọ́, a kì í dá a. Lẹ́nu àgbà ni wọ́n ti ń gbà á. Èyí tí o bá fúnra rẹ jókòó sílé tó o dá, irọ́ lorúkọ ẹ̀. Wá kọ orúkọ àgbàlagbà tó pa á fún ọ síbí, àti ìlú rẹ̀, àti ọjọ́ orí rẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò ní yege, bẹ́ẹ̀ làwọn ẹgbẹ́ rẹ á di olùkọ́ fi ọ́ sílẹ̀."

Àyọ̀ká gbé ìwé tó ti kún fún epo, ó jáde. Ẹ̀yìn kíláàsì ló ti bá Kàrímọ́tù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn Kàrímọ́tù jẹ́ ará Ìlọrin tó ti ń ṣòwò ní Old Market láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn nìkan ló ń bí ọ nínú? Kọ orúkọ bàbá bàbá mi síbẹ̀. Àwa kan ti kọ ọ́. Àlàájì Mùkáílà, oníṣòwò kán-ún."

"Bàbá yẹn pàlọ́ fún yín?"

"Pàlọ́ kẹ̀? Wọ́n ní bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀ àfi tí ẹni tó fẹ́ ra kán-ún bá béèrè iye. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mo kàn jókòó, mo ronú kan Ìjàpá àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, mo sì fi orúkọ ẹ̀ sí i. Báwọn Jacob inú kíláàsì wa náà ṣe ṣe é nìyẹn. Sà ti buwọ́ lu gbogbo ẹ̀."

Ṣé ẹ gbọ́ mi? Òkú oníṣòwò kán-ún ni wọ́n sọ di apàlọ́ ìlú. Ìdajì kíláàsì ló wọ́ bàbá onítìjú dìde láti inú sàréè pé kó wá máa pa Ìjàpá. Àwọn tó purọ́ pé àwọn gbọ́ ọ, tiwọn ló di òótọ́. Ẹni tó sọ òótọ́ pé òun dá a, òun ni wọ́n ń pè ní òpùrọ́. Àwọn àgbà kò kúkú parọ́: òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àyọ̀ká tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Kàrímọ́tù, ẹ̀yin wọ̀nyí kó mi nírìíra." Kàrímọ́tù kò bínú. Ó ní kí Àyọ̀ká kọ́kọ́ yege ná, kí òun tó wá máa rí i lára.

Ọ̀nà tí Àyọ̀ká rò pé òun máa gbà nìyí. Kò sí àlọ́ ilẹ̀ Òwòrò tí màmá rẹ̀ kò mọ̀. Láti kékeré màmá ni wọ́n ti fi àlọ́ tọ́ ọ nídìí ààrò. Tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá dúró níwájú àwọn olùkọ́, tó ní òun kò gbọ́ àlọ́ òkè yìí rí láyé òun, á jẹ́ pé kò sí i rí nìyẹn. Ta ló tún kù tí wọ́n fẹ́ bi?

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá lórí ẹní. "Òótọ́ ni kí ẹ sọ, màmá. Tí wọ́n bá ní ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí, kí ẹ ní rárá, Àyọ̀ká ló dá a."

"Ìyẹn náà ni wọ́n fẹ́ gbọ́?"

"Ìyẹn náà ni."

Màmá tún bi í pé, "Wọ́n á sì fún ọ níwèé ẹ̀rí?"

"Wọ́n máa fún mi, màmá," ni Àyọ̀ká wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá a lójú.

Nígbà tí ọjọ́ pé, màmá kò lọ sọ́jà. Ọṣẹ olóòórùn dídùn tí Àyọ̀ká fi pa mọ́ ni ó fi wẹ̀, ó tún padà lọ wẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ró aṣọ tó ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde. Àyọ̀ká rí i, ojú tì í díẹ̀ nítorí gbogbo ìgbà tó ti ń sún àga sẹ́yìn, ó bá di màmá lọ́wọ́ mú títí wọ́n fi dé ilé-ẹ̀kọ́.

Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó lẹ́yìn tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé wà níbẹ̀, olùkọ́ kan tó ti ń tòògbé wà níbẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Ọlájídé tí wọ́n pè wá láti ìta láti wá dán wọn wò sì jókòó sáàárín pẹ̀lú ìwé Àyọ̀ká lọ́wọ́. Wọ́n ní kí Àyọ̀ká kà á. Ó dé ibi tí odò pupa ti rán ẹyẹ, wọ́n ní ó tó. Ó ní òun kò tíì dé ìparí, wọ́n ní ìparí wà lọ́wọ́ àwọn.

Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ yìí sọ pé òun ló dá a. Ẹ bi í kí ẹ gbọ́ sí i." Ó ń fi igi ìṣáná ta eyín bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀bùn!

Àyọ̀ká ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá mi àgbà ni ẹ bi. Kò sí àlọ́ Òwòrò tí wọn kò mọ̀."

Ọ̀mọ̀wé Ọlájídé yíjú sí ìyá arúgbó náà, ó kí i dáadáa, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìrìn. Àlọ́ òkè tí òùngbẹ ń gbẹ yìí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Màmá Àbẹ̀ní dìde, ó kí wọn bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe ń kíni. "Ọkùn o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ló pa á fún mi lókè Àgbájà, èmi náà ni mo pa á fún un."

Àyọ̀ká rò pé etí òun ló di. Ó wo màmá, màmá kò wò ó. Ìyá arúgbó náà ti pàtẹ́wọ́, ó ti dá orin náà: Òkè, bẹ̀rẹ̀ kí o mu. Ọ̀mọ̀wé Ọlájídé gbè é, Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé gbè é tòun ti igi ìṣáná lẹ́nu, olùkọ́ tó ń tòògbé pàápàá jí, ó ń mi orí. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń kọ orin tí Àyọ̀ká dá níbi tó ti ń fọ yẹ̀rì, wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni tó bá a láyé.

"Ìyá, ẹ ṣé gan-an ni," Ọ̀mọ̀wé Ọlájídé wí. Ó gbé ìwé náà sókè. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí òkè náà nígbẹ̀yìn? Ẹ parí ẹ̀ fún wa."

Ọkàn Àyọ̀ká fò sókè. Màmá kò mọ ìparí! Àṣírí máa tú. Inú rẹ̀ dùn pé àṣírí ìyá tó tọ́ ọ dàgbà fẹ́ tú níwájú àlejò, bí inú rẹ̀ sì ṣe dùn yẹn, ó kórìíra ara rẹ̀.

Màmá bojú wo ojú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ó wá rẹ́rìn-ín sí Ọ̀mọ̀wé náà. "Ọ̀sán ganrínganrín yìí? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kò sí àgbà nílé yín ni? Wọn kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, èèwọ̀ ni. Ti ọmọ yìí, ìwé ló ń kà. Tèmi, ẹnu ni. Orin nìkan ni mo lè bá yín kọ tí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú."

Àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀mọ̀wé Ọlájídé lu tábìlì. "Háà! Ojúlówó nìyí! Ibi tí a ti ń mọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà nìyẹn!"

Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé wá yọ igi ìṣáná lẹ́nu. "Àyọ̀ká, o gbọ́ ohun tí ìyá rẹ wí. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ, àbí irọ́ ni wọ́n ń pa?"

Ẹ bá mi wo ìbéèrè! Ọmọ wo ni Yorùbá bí tó máa nàka sí ìyá ìyá rẹ̀ níwájú ọkùnrin mẹ́ta, kó ní irọ́ ni wọ́n ń pa? Kí ni wọ́n á ti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Bó bá sì ní òótọ́ ni, àlọ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn, àti ti ọkọ̀, àti ti ọmọbìnrin tó fẹ́ ọyẹ́, gbogbo ẹ̀ ti di ti ará Àgbájà tí kò sí láyé. Màmá ti wá ń wò ó báyìí. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá fún ọmọ.

"Òótọ́ ni, sà," ni Àyọ̀ká wí.

Ẹnu tó fi sọ ọ́ rí i lára.

"Èmi kúkú ti mọ̀," Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé wí. "Orí ọmọ kékeré kò lè gbé irú eléyìí." Wọ́n fún un ní máàkì tó ga jù lọ ní kíláàsì. Wọ́n ní kó lọ kọ ọ́ sí iwájú ìwé náà pé ẹnu Màmá Àbẹ̀ní, ọmọ Òwòrò, ni òun ti gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe ń padà sílé, màmá ń rìn bí ọmọge. "Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"Ta ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kàrímọ́tù ọ̀rẹ́ rẹ ló wá bá mi nísọ̀. Ó ní tí mo bá sọ pé n kò gbọ́ ọ rí, o ò ní yege, wọ́n á lé ọ padà wálé. Mo ní èmi kẹ̀? Kí n dúró níwájú èèyàn kí n sọ pé n kò mọ nǹkan ọmọ mi? Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ ni wọ́n gbé síbẹ̀ pé kí n gbé mì, màá gbé e mì." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já nígbà tó béèrè ìparí. Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu."

Àyọ̀ká tẹ́sẹ̀ mọ́rìn. Òórùn ọṣẹ olóòórùn dídùn náà ń bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń rí i lára ju ti ẹja lọ.

Nígbà tí wọ́n yà sí Paparanda, màmá fọwọ́ kàn án léjìká. "Wàyí o, ọmọ mi, ó ti parí. Sọ fún mi. Ṣé òkè náà mu omi?"

Àyọ̀ká kò dúró, kò sì wo ẹ̀yìn. "Ọ̀sán ni, màmá. Wọn kì í pàlọ́ lọ́sàn-án."

Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ó sáré díẹ̀ kó lè rí ojú ọmọ náà. Ìgbà tó rí i, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ́ ẹní síta, ó jókòó. Àyọ̀ká gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ní orí ń fọ́ òun. Màmá tún tẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ká ẹní náà, ó fi ti ara ògiri, kò sì béèrè mọ́. Ìyá tó máa ń bi èèyàn lọ́rọ̀ títí yóò fi sú u, kò béèrè mọ́ rárá.

Àyọ̀ká di olùkọ́. Kò kọ ti ọkọ̀, kò kọ ti ọmọbìnrin tó fẹ́ ọyẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ń kọ orin òkè náà, tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ mìíràn, nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré, wọ́n ní orin àwọn ará àtijọ́ ni, Àyọ̀ká á gbọ́, á sì ti fèrèsé. Kì í ṣe pé kò fẹ́ sọ ìparí àlọ́ náà fún màmá. Ó ń retí kí ìríra ọjọ́ náà kọ́kọ́ kúrò lọ́kàn òun ni, kí òun lè jókòó sórí ẹní kí òun pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ní tó bá di ọ̀la, tó bá di ìsinmi ọdún Kérésìmesì, tó bá di ìgbà tí wọ́n bá jọ lọ sí Àgbájà.

Ọyẹ́ ọdún 1990 ni Màmá Àbẹ̀ní kú, kò sì mọ̀ bóyá òkè mu omi.